Ìkápáànù tí Kò Pariwo

Ní Ìwó, kò sí iṣẹ́ tí kò ní ìkíni tirẹ̀. Bí o bá kọjá lẹ́bàá ìkòkò aró, "Àrẹ̀dú o!" ni wàá wí. Bí o bá bá obìnrin méjì níbi tí ọ̀kan ti ń dirun fún èkejì, "Ojú gbooro o!" ni. Bí o bá sì dé ẹnu àgbẹ̀dẹ, tí ẹwìrì ń fẹ́ná, tí òòlù ń lu irin, wàá ké sí wọn pé, "Àrọ̀yè o!" Wọn yóò sì dáhùn, "Ògún á gbè ọ́ o!" Ẹni tó bá kọjá láìkí wọn, ọmọ tí wọn kò kọ́ ni. Ó dáa, ta ló wá mọ ìkíni tí à ń kí ẹni tó ń ká páànù? Èmi kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n, ẹ má tàn mí. Ìyẹn gan-an ló ń dun Ògúnbáyọ̀.

Ilé Àgbẹ̀dẹ ni wọ́n bí i sí. Láti ìgbà tó ti lè jókòó ló ti ń gbọ́ "Àrọ̀yè", tó sì ń bá àwọn bàbá rẹ̀ dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìwó, tí wọ́n ń já páànù sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni ń já igi ìdáná, ọkàn Ògúnbáyọ̀ fà sí páànù. Ó ń fi í ṣe àtùpà, ó ń fi í ṣe garawa. Inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Dúró, tó jẹ́ olórí àgbẹ̀dẹ, kò dùn sí i. "Irin tí kò wọná, Ògún kò mọ̀ ọ́n," ni Dúró wí lọ́jọ́ kan lójú gbogbo ènìyàn. "Gbé páànù rẹ jáde níbí, ariwo rẹ̀ ń da ẹwìrì rú." Ìbínú kì í ṣe ohun tí à á gbà lálejò, ṣùgbọ́n Ògúnbáyọ̀ gbà á lálejò, ó tún tẹ́ ẹní fún un. Ó gbé páànù rẹ̀, ó gbé òòlù igi rẹ̀, ó mú Morádéyọ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú lójú ọ̀nà Kuta. Ó ní kí wọ́n máa rọ ọkọ́ wọn lọ.

Nígbà tí Morádéyọ̀ wà láyé, kò burú. Páànù gígùn kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ẹnìkan á di etí kan mú, ẹnìkejì á máa fi òòlù igi lu etí kejì wálẹ̀ lórí pákó. Morádéyọ̀ ló ń di etí kan mú, tí wọn yóò sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú jà ló lọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi dùbúlẹ̀. Wọn kò sì bí ọmọ tó yè. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, kò ní sí ẹni tí yóò bi Ògúnbáyọ̀ pé ṣé ó jí. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bó bá se ọbẹ̀, á tọ́ ọ wò, á ní, "Iyọ̀ ò tó," á sì tún dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀." Àánú rẹ̀ ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà fọwọ́ ara rẹ̀ fa díẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń fẹ́ kò pọ̀. Ó ń fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa wá jókòó lẹ́nu iṣẹ́ òun, bí wọ́n ti ń jókòó ní àgbẹ̀dẹ tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ó sì ń fẹ́ kí ẹnì kan, ẹnì kan péré, kọjá lójú ọ̀nà kó ní, "Àrọ̀yè o!" kí òun rí ẹni dá lóhùn.

Ẹni kan ṣoṣo tó ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni ìyá arúgbó tó wà lẹ́yìn ògiri, Ẹfúnróyè, tó ń ta irú lẹ́nu ilẹ̀kùn ara rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò lè dé ọjà mọ́. Bí a bá fẹ́ pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ ṣá o. Bí Ògúnbáyọ̀ bá gbé òòlù lówùúrọ̀, kò ní tíì lu páànù lẹ́ẹ̀mẹrin tí ìyá náà yóò fi ké láti ẹ̀yìn ògiri: "Ìwọ ọkùnrin yìí! Páànù rẹ á pa mí o!" Lọ́sàn-án á tún ké. Bí oòrùn bá ń wọ̀, á ní, "O ò tíì kó páànù burúkú yẹn nílẹ̀? Ṣé etí mi lo fẹ́ jẹ lóúnjẹ alẹ́ ni?" Ògúnbáyọ̀ kì í dáhùn. Á pòṣé, á sì tún lu páànù kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko, ìyá ń bú, ọkùnrin ń pòṣé, wọn kò kí ara wọn ní "ẹ káàárọ̀" lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ kan, Sẹ̀gilọlá aláṣọ, obìnrin kan tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kó aṣọ wá láti Èkó, wá sọ pé òun fẹ́ àpótí páànù mẹ́fà tí eku kò ní lè wọ̀. "Èyí tó gùn ni mo fẹ́, bàbá," ló wí. "Kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gún o. Ẹ má jẹ́ kó wọ́ bí ẹnu arúgbó."

"Yóò gún," ni Ògúnbáyọ̀ wí.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Páànù àpótí náà gùn ju ohun tí ọwọ́ ènìyàn kan lè ká lọ. Ó gbé òkúta lé etí kan, òkúta yọ̀. Ó fi okùn so ó mọ́ òpó, páànù yí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé e lọ́wọ́. Èyí tó wá ká tán wọ́, ó burú ju ẹnu arúgbó lọ. Gbogbo ìgbà tó fi ń lù ú ni Ẹfúnróyè ń ké lẹ́yìn ògiri pé ikú ń bọ̀. Ògúnbáyọ̀ ju òòlù nù, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tì, tó ń ṣí.

Ibi ilẹ̀kùn yẹn ni òye ti yé e. Ilẹ̀kùn kò pariwo, ó kàn ń yí lórí irin tó so ó mọ́ òpó ni. Bí pákó kan bá dúró gbọin, tí pákó kejì sì so mọ́ etí rẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tí irin kan wá tẹ páànù mọ́ ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá gbé ti kejì sókè ti ká páànù nìyẹn, láìlu ohunkóhun, láìsí ẹni tí yóò di etí kan mú. Bó ti ń rò ó ni inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní ariwo ló ń lé ènìyàn sẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ òun. Ó ní ta ni yóò wá jókòó síbi tí etí rẹ̀ yóò ti ya? Bí ariwo bá tán, ìyá yẹn á dákẹ́, àwọn ènìyàn á sì máa wá. Ẹ gbọ́ ìrònú ọkùnrin!

Ó lọ sí ojú irin, ó fún Fátókun, olórí àwọn tó ń tún ojú irin ṣe, ní àtùpà méjì, Fátókun sì fún un ní ọ̀pá irin gígùn kan tí wọ́n ti pa tì, àti bóòtù nílánlá mẹ́rin tí wọ́n fi ń de irin mọ́lẹ̀. Ó la igi apá sí pákó méjì. Igi náà le débi pé ọjọ́ mẹ́rin ló fi fá etí méjèèjì kí wọ́n tó bára mu. Ó ri òpó méjì mọ́lẹ̀, ó gbé pákó kan lé e. Ó tú irin ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, ó fi so pákó kejì mọ́ etí ti àkọ́kọ́, ó wá fi ẹní dí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pá irin Fátókun ló fi ṣe èyí tí yóò máa tẹ páànù mọ́lẹ̀, ó fi bóòtù dè é ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi wà lẹ́nu rẹ̀, kò lu páànù kankan.

Ó wá ku ohun tí yóò fi máa gbé pákó kejì sókè. Igi tó ṣe róbótó, tó dán, tó bá àtẹ́lẹwọ́ mu ló ń wá. Ó mọ ibi tí ó wà. Ọmọ odó Morádéyọ̀ méjèèjì ṣì fara ti ògiri ilé ìdáná, bí obìnrin náà ti fi wọ́n sílẹ̀. Ògúnbáyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Nígbà tó yá, ó wọlé, ó gbé wọn. "Morádéyọ̀," ló wí, "wá bá mi di etí kan mú." Ó kàn wọ́n mọ́ pákó náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.

Ó fi páànù sí i, ó dè é, ó gbé e sókè. Ìpẹ̀kun méjèèjì ká dáadáa, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ wú bí ikùn aboyún. Ó tún bóòtù dè, ó le sí i, ó tún burú sí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú wo abẹ́ irin náà láti ìpẹ̀kun kan, ó rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ láàárín. Àṣé bó ti ń de irin ní ìpẹ̀kun méjèèjì ni àárín rẹ̀ ń gbéra sókè. Ó yẹ kí irin náà ti tẹ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ikùn rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí àárín máa kọ́kọ́ tẹ páànù kí ìpẹ̀kun tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n irin tó nípọn tó báyẹn kò ní tẹ̀ láìwọná. Iná tó lè rọ irin bẹ́ẹ̀ kò sì sí níbòmíràn, àfi ní Ilé Àgbẹ̀dẹ.

Ọjọ́ kẹta ló tó lè mú ara rẹ̀ lọ. Ó gbé irin lé èjìká, ó ń to ohun tí yóò sọ lọ́nà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, iná ni mo wá tọrọ." Ó tún un sọ, ó tún un sọ. Bó ti ń súnmọ́ ibẹ̀ ló ń gbọ́ òòlù. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí Dúró nídìí owú tí wọ́n ń rọ irin lé lórí, irun rẹ̀ ti funfun, àwọn ọkùnrin ilé yí i ká. Ògúnbáyọ̀ la ẹnu, ohun tó jáde kì í ṣe ohun tó ti ń tò.

"Àrọ̀yè o!" ló wí.

Òòlù dúró. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Ògún á gbè ọ́ o!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ ilé kì í kí àgbẹ̀dẹ. Ọmọ ilé á wọlé ni, á bọ́ ẹ̀wù, á di ẹwìrì mú. Ará ìta ló ń kí i. Bí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu Ògúnbáyọ̀ ló ti mọ ohun tí òun ṣe, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Dúró ní kó dìde.

"Kí lo fẹ́ fi irin ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí ikùn rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ ni."

Dúró nawọ́ sí iná. Kò bú u, kò bi í ní ohun mìíràn. Ẹnì kan gbé àpótí ìjókòó fún un. Ẹlòmíràn bu omi wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, bí a ti ń gbé omi fún àlejò. Inú àmù ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti bu omi náà, àmù tí òun fúnra rẹ̀ fi orí ru omi kún láìmọye ìgbà. Ó mu ún. Ó fi irin síná, ó rọ ọ́, ó fi omi pa á, ó dúpẹ́. Nígbà tó ń lọ, Dúró wí, bí ẹnu ti máa ń sọ ọ́, "Ó dàbọ̀ o. Kílé o."

Ta ni kó kí? Dúró náà rántí. Ó sọ ojú sílẹ̀, ó mú òòlù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin tí kò tíì gbóná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ògúnbáyọ̀ de irin náà padà, ó fi páànù sábẹ́ rẹ̀, ó di ọmọ odó méjèèjì mú, ó gbé wọn sókè. Páànù yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tí etí gbọ́ kò ju kí irin ilẹ̀kùn fọhùn díẹ̀ lọ. Ó tú u, ó gbé e sókè, ó wò ó: ó gún láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. "Wò ó!" ló kígbe, ó sì yíjú sẹ́yìn kó fi han ẹni tó wà níbẹ̀. Adìẹ ló wà níbẹ̀.

Àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà parí láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Sẹ̀gilọlá dé, ó fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ wọn, ó ní, "Háà, bàbá! Ọwọ́ yín kò ní tutù." Ògúnbáyọ̀ ní kó jókòó díẹ̀, kó wo bí wọ́n ti ń ká a. Obìnrin náà ní ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ènìyàn. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ògúnbáyọ̀ kan àga gbọọrọ kan, ó gbé e sábẹ́ igi níwájú ìkápáànù rẹ̀. Ó ń gbá ibẹ̀ lówùúrọ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Àwọn tó ń lọ sí Kuta ń kọjá, àwọn onímàle tó ń ti ìrun bọ̀ ń kọjá, ojú wọn kì í yà síbẹ̀. Ibi tí kò ti dún, ta ni yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀? Lẹ́yìn ògiri náà sì pa lọ́lọ́. Ìyẹn dùn mọ́ ọn lákọ̀ọ́kọ́. "Ẹ̀hẹ́n," ló wí, "ìyá ti rí ìsinmi." Ó ń retí kí ó wá dúpẹ́. Ó ti mọ bí òun yóò ti dáhùn pé kò tópẹ́, pé nítorí ìyá ni òun ṣe é. Ṣé kó lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un ni? Rárá o, àfi kí ìyá kọ́kọ́ wá.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ó lọ sẹ́bàá ògiri, ó húkọ́. Kò sí ohùn. Lọ́jọ́ kejì ó mọ̀ọ́mọ̀ ju garawa sílẹ̀, ó dún gbàǹgbàlà. Kò sẹ́ni tó ní páànù á pa òun. Ẹ̀rù bà á wàyí. Ó sáré yí ògiri ká, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti dé ibẹ̀.

Wọ́n ti fi okùn so ilẹ̀kùn Ẹfúnróyè pa. Àtọ́kẹ́, obìnrin kan tó máa ń wá ra irú níbẹ̀, ń ti oko bọ̀. Bó ti rí Ògúnbáyọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ẹrù orí rẹ̀ nù.

"Háà! Bàbá onípáànù! Ẹ wà níbí?"

"Ibo ni kí n wà? Ìyá yìí ńkọ́?"

"Adùnọlá ọmọ wọn ti wá mú wọn lọ Olúpọ̀nnà. Ìyá ní ẹ ti kó lọ." Àtọ́kẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ pé ojú wọn ti ṣú tán. Wọ́n ní páànù yín làwọn fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, àwọn á jí. Bí ẹ bá kó o nílẹ̀, àwọn á ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ẹ dákẹ́, wọ́n ní kí n wá wò yín. Mo wá, ẹní ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ilẹ̀kùn, n kò sì bá yín nílé. Wọ́n ní ó dun àwọn pé ẹ kò dágbére. Wọ́n ní ta làwọn yóò wá máa bú?"

Ògúnbáyọ̀ fi Àtọ́kẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó padà sílé, ó jókòó sórí àga tó kàn fún àlejò, òun nìkan, ó kọjú sí ìkápáànù rẹ̀. Ohun rere ni, ó gún, ó dára, kò sì sọ̀rọ̀. Ó sunkún níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde nílé rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ẹnì kan ti ń kí i láràárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, òṣé ló sì ń fi dá a lóhùn.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé garawa kan àti òòlù igi rẹ̀, ó mú ọ̀nà Olúpọ̀nnà pọ̀n. Wọ́n júwe ilé Adùnọlá fún un. Ó dé ìta ilé náà, ó fẹ́ kan ilẹ̀kùn, ó sì dúró. Kí ni yóò sọ? Kò bá ìyá náà sọ gbólóhùn kan rí. Ó bá jókòó sórí gbòǹgbò igi tó wà níta, ó da garawa dojú dé lórí òkúta, ó gbé òòlù. Gbàǹ. Gbàǹ. Gbàǹ.

Ó fetí sílẹ̀. Ó tún lù ú. Gbàǹ.

"Ìwọ ọkùnrin yìí!" Ohùn náà jáde láti inú yàrá, ó há, ó sì le bí ó ti máa ń le. "Páànù rẹ á pa mí o!"

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Ògúnbáyọ̀. Omi kún ojú rẹ̀. Ó gbé ohùn sókè kí ó lè dé inú yàrá lọ́hùn-ún.

"Ògún á gbè yín o, ìyá!"

Ìyá náà dìde. Ó jáde, ó ń fọwọ́ tọ ògiri, Adùnọlá di apá rẹ̀ mú. Ó kọjú síbi tí ariwo ti wá, kò rí nǹkan kan.

"Ibo lo lọ?" ló bi í.

"Mo wà nílé, ìyá. N kò lọ síbì kankan."

"Irọ́ lò ń pa. Bí o bá wà nílé ni, ǹ bá gbọ́." Ó fọwọ́ wá ilẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí gbòǹgbò igi náà, ó na ẹsẹ̀. "Máa lù ú, jọ̀ọ́. N kò tíì mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́."

Ògúnbáyọ̀ mú òòlù rẹ̀ nílẹ̀, ó lu garawa náà títí oòrùn fi kọjá àtàrí.